Kí o tó fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba sílẹ̀

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí o lè dara pọ̀ mọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́. N kò ní dá ọ dúró, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti Ramsey Clark fún ọ, ará Amẹ́ríkà tó ti tọ ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ.

Ní 1961 ló wọṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú wọ́de láti Selma lọ sí Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama ní 1965, láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò, ó wà lára àwọn tí ìjọba rán láti mójú tó ààbò wọn. Ní 1967, Ààrẹ Johnson fi í ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀. Tom Clark, bàbá rẹ̀, sì jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, níbi tí ẹjọ́ tí ọmọ bá gbé wá yóò ti dé iwájú bàbá. Bàbá dìde kúrò lórí àga tí ì bá jókòó lé títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ sí ọmọ. Thurgood Marshall ló gba àga yẹn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe adájọ́ níbẹ̀. Bí mo bá rántí bàbá yẹn, orí mi a wú.

Ní 1968, abẹ́ Ramsey ni wọ́n ti gbé Dókítà Spock, gbajúmọ̀ oníṣègùn ọmọdé, àtàwọn mẹ́rin mìíràn lọ sílé ẹjọ́, pé wọ́n ń ti àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn láti má lọ jagun Vietnam. Ó kúrò nípò ní 1969. Nígbà tó di 1972, òun fúnra rẹ̀ ti wà ní Hanoi, olú ìlú Àríwá Vietnam, ó ń wo ohun tí bọ́ǹbù orílẹ̀-èdè rẹ̀ bà jẹ́. Ìwọ náà ti bá ìjọba pe àwọn ọmọ tó wọ́de lẹ́jọ́ rí. Sọ ọ́ fún àwọn tí o ń lọ bá, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún wọn.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbèjà Saddam Hussein, ààrẹ Iraq tẹ́lẹ̀, ní kóòtù, n kò bá a wí, torí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ó tún lọ sọ̀rọ̀ ìyìn ní Belgrade nígbà tí wọ́n ń dágbére fún òkú Milosevic, ààrẹ Serbia tẹ́lẹ̀ tó kú nígbà tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀ lórí ìwà ọ̀daràn ogun, ní 2006, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò mọ́. Ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà bá ti kórìíra ni òun ń fà mọ́ra. Àwọn ará Halabja ní Iraq tí àwọn ọmọ ogun Saddam fi gáàsì olóró pa ní 1988 ńkọ́? Àyìnkẹ́, má jẹ́ kí ìjà rẹ pẹ̀lú ìjọba bá ọ yan ọ̀rẹ́.

Má mú ìwé ìjọba kankan jáde. Àwọn tó wà látìmọ́lé tí wọ́n ń retí ìmọ̀ràn òfin láti ọ́fíìsì yín, parí fáìlì tiwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó lọ. Bí o bá fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó di ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, inú àhámọ́ sì ni wọn yóò wà ní gbogbo àsìkò yẹn.

Pe bàbá rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnu rẹ ló ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ