Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Àwọn Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Àdúgbò Wa

Thamesmead,
London.
Ọjọ́ 9, Oṣù Karùn-ún.

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Táíwò àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, ooru á ti rọlẹ̀ díẹ̀. Àwa náà wà, ara le, a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ohùn dáhùn lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

O bi mí pé kí ni mò ń ṣe lọ́jọ́ tí n kò bá lọ síṣẹ́. Ìrìn ni mò ń rìn, Àdùkẹ́. Mò ń fẹsẹ̀ rin àdúgbò yìí ká, ó sì ti wọ̀ mí lára.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ibí, àmọ́ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì ni mo fi mọ ìlú. Ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Plumstead tí a ti ń ra èlùbọ́ àti ata rodo, ó parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń gbé ibí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ a pọ̀ níbí débi pé o lè wọ bọ́ọ̀sì kí o máa gbọ́ ìyá kan tó ń fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ. Tóyìn ọmọ mi ló là mí lójú. Ilé-ìwé wọn kó wọn lọ sínú igbó Lesnes Abbey, ó sì mú eyín dúdú kan bọ̀ wálé, kò tó èékánná ìka ọmọńdinrín, orí rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ó ní eyín àkurákudà ni, ẹja inú òkun yẹn. Mo ní òkun wo ló wà ní Abbey Wood, àdúgbò tí igbó náà wà? Ó ní kí n wá kí òun mú mi débẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ibì kan wà láàárín igbó náà tí wọ́n ṣọgbà yí ká, iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, òkun ló sì bo gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 54 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọdé á bu iyanrìn náà, wọ́n á máa jọ̀ ọ́ bí a ṣe máa ń jọ gàrí ní ẹ̀yìnkùlé yín, eyín á sì ṣẹ́kù sínú asẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ mi ti ń yún mi.

Jẹ́ kí n mú ọ rìn láti ẹnu ọ̀nà wa. Ilẹ̀ àbàtà ni Thamesmead tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kó débẹ̀ dé ní 1968. Ìkún omi ńlá ti ṣẹlẹ̀ ní 1953, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nísàlẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n fi ìsàlẹ̀ ṣe, òkè ni àwọn èèyàn ń gbé, wọ́n sì ń gba ọ̀nà tó dà bí afárá láti ilé dé ilé. Wọ́n gbẹ́ adágún àti ipadò kí omi lè rí ibi gbà. Etí àwọn omi yẹn ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbà lónìí. Southmere ló tóbi jù nítòsí wa. Pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ níbẹ̀, ẹṣin sì tún ń jẹko ní pápá tí kò jìnnà síbẹ̀, láàárín London!

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ridgeway. Ọ̀nà tó ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ ni, ó tọ́ gbọnrangandan láti Plumstead títí dé Crossness. Ohun tó mú un ga bẹ́ẹ̀ ni pé orí ihò ńlá tí wọ́n fi bíríkì mọ ni ò ń rìn lé, inú rẹ̀ ni omi ìdọ̀tí gúúsù London ń gbà kọjá. Ní 1858, òórùn odò Thames burú débi pé àwọn aṣòfin kò lè fara dà á nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn, nígbà náà ni wọ́n wá fi owó lé ẹnjiníà kan, Joseph Bazalgette, lọ́wọ́ pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó kó gbogbo ìdọ̀tí náà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ilé ẹ̀rọ Crossness tí wọ́n kọ́ láti fa omi náà sókè ṣí ní 1865, ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ẹbí ọba: Victoria, Prince Consort, Albert Edward àti Alexandra. Kò rùn rárá o. Igi ẹlẹ́gùn-ún ló wà lọ́tùn-ún lósì, tó bá di oṣù Kẹjọ, èso dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní blackberry á so sí i jìngbìnnì. Èyí tó bá já wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́ bí o bá kàn án ló dùn. Èyí tí o bá fi agbára fà, kíkan ni. Ìka Tóyìn a máa pọ́n fún odindi ọjọ́ kan. Ewé kan wà ní ìdí àwọn ẹlẹ́gùn-ún yẹn tó ń ta èèyàn lára bí èsìsì, nítorí náà ṣòkòtò gígùn ni mo máa ń wọ̀.

Bí a bá wá kọjú sí apá kejì, tí a gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá, a ti dé Lesnes Abbey nìyẹn. Richard de Luci, adájọ́ àgbà fún Ọba Henry Kejì, ló dá ilé ìsìn náà sílẹ̀ ní 1178. Wọ́n tì í pa ní 1525. Ìpìlẹ̀ ògiri òkúta ló kù, o lè fẹsẹ̀ wọn yàrá kọ̀ọ̀kan. Níbi tí o bá dúró sí yẹn, gbogbo ilé gogoro àárín London á hàn sí ọ lókèèrè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. Àná ni mo débẹ̀ gbẹ̀yìn. Òdòdó búlúù kan tí wọ́n ń pè ní bluebell bo ilẹ̀ igbó náà lọ bí ojú ṣe lè rí i dé, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo òdòdó orí igi rẹ̀ tẹ orí sí. Kí ewé igi ńlá tó pé, kí òòrùn tó dẹ́kun àti kan ilẹ̀, ló ti máa ń yára yọ, yára tan, yára gbó. Ó ti ń rọ báyìí. Ojú ọ̀nà nìkan là ń rìn, torí bí ẹsẹ̀ bá tẹ ewé rẹ̀ fọ́, ọdún gbọọrọ ló ń gbà kó tó bọ̀ sípò.

Mo mọ̀ pé o ti fẹ́ béèrè: ejò ńkọ́? N kò tíì rí ọ̀kan. Nílé, ẹni tó bá wọ igbó ní ohun tó ń wá, bóyá igi ìdáná, bóyá ewé, bóyá ìgbín. Níbí, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láti gba atẹ́gùn ni. Nǹkan kan sì wà tó ń yà mí lẹ́nu di òní: lójú títì, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnìkan, àmọ́ bí ẹ bá pàdé lábẹ́ igi, bàbá arúgbó tó fa ajá lọ́wọ́ á dúró kí ọ, á sì bi ọ́ ibi tí ò ń lọ.

Láti ibẹ̀, àwọn òpó kéékèèké ló ń júwe ọ̀nà. Green Chain Walk ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, Bexley, Greenwich, Bromley àti Lewisham, ló fìmọ̀ ṣọ̀kan ní 1977 pé ilẹ̀ eléwéko tó so àdúgbò wọn pọ̀ kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ọ̀nà náà ti gùn tó nǹkan bí 50 máìlì báyìí, láti etí Thames títí dé apá Crystal Palace. Ẹ̀ka kan gba Plumstead Common, ẹ̀ka kan lọ sí Oxleas Wood.

Ibi méjèèjì yìí gan-an ló mú mi ronú sí ohun tí o sọ nípa ọ̀nà àbùjá wa ní Apátà, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti dí. Ní Plumstead Common, àwọn tó ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọgbà sí i, àwọn ológun sì ń sọ ìyókù di ẹrẹ̀. Ní 1876, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará àdúgbò tú jáde, wọ́n fọwọ́ ara wọn wó ọgbà náà lulẹ̀. Wọ́n ju John de Morgan tó ṣíwájú wọn sẹ́wọ̀n, àmọ́ nígbà tó di 1878, òfin ti sọ ilẹ̀ náà di ti gbogbo ayé. Oxleas ní tirẹ̀, igbó tó ti wà láti nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, ìjọba fẹ́ la títì márosẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbà, wọ́n bá ìjọba fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 1993. Mo jókòó sórí koríko níwájú igbó yẹn, mò ń wo àwọn ọmọ tí ń yí gbirigbiri sísàlẹ̀ òkè, mo ní nínú ara mi pé kò sí èyí tó ṣèèṣì wà nínú gbogbo èyí. Àwọn kan ló dúró tì í.

O ní wọ́n ti mọ ògiri dí ọ̀nà tí a ń gbà lọ sílé-ìwé, pé etí títì Abẹ́òkúta ni àwọn ọmọ ń gbà báyìí láàárín ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà. Ó dùn mí dọ́kàn. Ọ̀nà yẹn ti wà kí wọ́n tó bí wa! Lọ́dọ̀ àwọn tibí, òfin 1980 sọ pé bí àwọn èèyàn bá ti ń gba ọ̀nà kan fún 20 ọdún ní gbangba, tí wọn kò tọrọ àṣẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì dí wọn lọ́wọ́, wọ́n lè kà á sí ọ̀nà gbogbo ayé. N kì í ṣe lọ́yà, n kò sọ pé irú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má dákẹ́. Ṣebí Bàbá Ìbejì ń lọ sípàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù? Kó gbé e kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kí wọ́n wó ògiri, wọn ò ní gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi géètì kékeré kan sí i, kó máa ṣí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án nígbà tí ilé-ìwé bá jáde, kí ọdẹ wọn máa wò ó. Ẹ wá ìwé sáfè àtijọ́ wò lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ralẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà náà wà nínú rẹ̀. Kí Màmá náà bá wọn dé ìpàdé bí ara bá gbé e, torí àwọn ló mọ ibi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó já sí. Bí ẹ bá nílò owó díẹ̀ fún géètì náà, jọ̀ọ́, sọ fún mi, èmi àti àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé á dá a.

Tí físà rẹ bá jáde, oṣù Kẹjọ ni kí o wá. Mú bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, má wọ sálúbàtà wá bá mi. Ridgeway la ó kọ́kọ́ rìn, kí o tó sinmi tán la ó ti lọ sí Oxleas.

Bá mi kí Màmá gan-an, ní mo ní kí wọ́n má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Fi ohùn ránṣẹ́ bí ìpàdé náà bá ṣe lọ sí.

Èmi ni tìrẹ nítòótọ́,
Àṣàkẹ́