Ìwé Ìṣirò Inú Ẹrẹ̀

Ṣàgámù,
Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àtijọ́, o kú òtútù ibẹ̀ yẹn náà. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Mo yà kí màmá rẹ láàárọ̀ yìí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé kí o máa jẹun dáadáa. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ikùn rẹ ló kọ́kọ́ wọlé kí ìwọ fúnra rẹ tó dé.

Ọ̀rọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ wa lẹ́nu lọ́jọ́sí ni mo fẹ́ parí. O ní àwọn ará àdúgbò yín ní Kánádà máa ń wọ bọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á bọ́ sínú odò, wọ́n á ṣa ìdọ̀tí, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó fún wọn. O wá rẹ́rìn-ín, o ní tó bá jẹ́ ilé ni, ta ló máa jáde? Ó dùn mí díẹ̀ o, mi ò ní fi pa mọ́ fún ẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí èmi tí ò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde.

Ṣé o rántí odò kékeré ẹ̀yìn ilé wa, èyí tó ń ṣàn lọ bá odò Ibú? Ibi tí a ti máa ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sábẹ́ oparun, tí màmá rẹ fi wá kó aṣọ wa lọ lọ́jọ́ kan, tó jẹ́ ewé kókò la fi bora délé? Nígbà yẹn, ò ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ nínú omi. Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa kì í da nǹkan sí i. Ewé ẹ̀kọ ni wọ́n ń dà, ewé mọ́ínmọ́ín, èèpo tí àwọn oníṣòwò gbànja bó lára obì. Kí òjò méjì tó rọ̀, gbogbo rẹ̀ ti di ilẹ̀. Ọ̀rá kì í di ilẹ̀. Àwọn àgbà a máa wúre fún wa pé ojúoró níí lékè omi, òṣíbàtà níí lékè odò. Lọ́dún tó kọjá, bí o bá dúró lórí afárá wa, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló lékè. Ojúoró wà lábẹ́ níbì kan, ó ń wá ibi tó máa gbà yọrí.

Òjò oṣù Kẹsàn-án ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Omi wọlé Ìyá Alákàrà lóru, ó gbé agbada lọ, ó ba àpò ẹ̀wà méjì jẹ́. Ihò abẹ́ afárá ti dí pa, omi ò rí ibi gbà. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwa márùn-ún la pàdé níbẹ̀: èmi, alága àwọn onílé, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìyá Alákàrà, àti mẹkáníìkì kan tí kì í tilẹ̀ gbé àdúgbò wa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà lẹ́bàá afárá. Ṣọ́bìrì méjì, àdá kan, réèkì kan tí eyín rẹ̀ ti ká. Alága ti fẹ́ kí á yan akọ̀wé àti akápò lọ́jọ́ náà, kí á sì mú aṣọ. O mọ̀ wá, Rẹ́mọ ni o, Ìjẹ̀bú ni o, èèyàn mẹ́ta ò lè kí ara wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má ra aṣọ ẹgbẹ́. A ní kó jẹ́ kí omi kọ́kọ́ kọjá ná. Títí dòní, a ò tíì lórúkọ.

Ìlú 13 ló para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, mo sì rò pé láti ọjọ́ yẹn ni kálukú ti ń sọ pé ìdọ̀tí ará òkè ló ṣàn wá bá òun. Ará Mákun á ní ti Ọ̀fìn ni, ará Ọ̀fìn á nawọ́ sí ibòmíì. Èmi náà wà níbẹ̀, àní ẹnu tèmi ló mú jù.

Ní Sátidé kẹta, mo wà nínú ẹrẹ̀ dé orókún, mo fi réèkì ń fa ọ̀rá dúdú kan tó há sẹ́nu ihò náà. Ó wúwo. Nígbà tó ya, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, agolo mílíìkì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìwé kan tí omi ti mu yó, tó wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Mo fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ iwájú rẹ̀. Orúkọ àbígbẹ̀yìn mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa tó fẹ́ràn. Ìwé ìṣirò ni. Ọ̀rẹ́ mi, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fẹ́ tì í padà sínú ẹrẹ̀. Àfi bí mẹkáníìkì yẹn ṣe ti dúró tì mí, tó ń ka orúkọ ọmọ náà jáde bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ké sí ọmọ ọlọ́mọlanke tó máa ń kó pàǹtí ilé wa. Mo ti múra ìjà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, igba náírà lẹ máa ń fún mi. Ibo lẹ rò pé mo ń kó o lọ láti ọjọ́ yìí?" Mi ò rí èsì. Ààtàn tó yẹ kó kó o dé jìnnà, igba náírà ò sì lè ra oúnjẹ ẹni tó máa ti ọmọlanke débẹ̀. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò kàn fẹ́ rò ó dé ibẹ̀ ni.

Ohun tó tún odò yẹn ṣe nìyẹn, kì í ṣe réèkì. A pe àwọn ọlọ́mọlanke mẹ́rin jókòó, a fowó kún owó wọn, ilé kọ̀ọ̀kan ń san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà báyìí, a sì fìdí ibì kan múlẹ̀ létí títì tí ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí lè dé. Ọkọ̀ náà ń wá nígbà tó bá wù ú, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ló wá di ojú wa lójú odò, wọ́n mọ ilé tó ń da ìdọ̀tí sódò lóru ju alága lọ. O rántí ìmọ́tótó ìparí oṣù ayé WAI, ogun tí ìjọba ológun gbé ti ìwà àìníjàánu, ní 1985? A ó gbẹ́ gọ́tà, a ó kó o jọ sétí gọ́tà, òjò á sì gbá a padà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tó ń lọ.

Létí odò níbi tí a ti ro igbó, ilẹ̀ gbalasa kan yọ. A gbin màngòrò méjì àti àgbálùmọ̀ kan síbẹ̀, a kan bẹ́ǹṣì, àwọn bàbá ti ń ta ayò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. A ò tíì sinmi tán tí ẹnìkan fi kọ ebè ẹ̀gẹ́ méje sí àárín rẹ̀, ó ní ilẹ̀ baba òun ni. Nígbà tó jẹ́ ààtàn, kò ní bàbá! Ọ̀rọ̀ ti dé iwájú baálẹ̀, wọ́n ní kí á ní sùúrù. Ẹ̀gẹ́ ń dàgbà, àwa náà ń ní sùúrù.

Omi ti mọ́ débi tí o tún lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì wa ò sì jẹ́ kí ọmọ kankan bọ́ sínú rẹ̀. Ó ní àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, kì í wo bí omi ṣe mọ́, inú ìgbín kéékèèké tó ń gbé létí omi ló ti ń jáde wá wọ ara ọmọ, àfi kí á máa kó àwọn ọmọ lọ gba oògùn rẹ̀. Lánàá, ọmọ mi ọkùnrin jókòó sórí afárá, ó na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, kò kan omi. Ó ní, "Dádì, ṣebí ẹ̀yin náà lúwẹ̀ẹ́ níbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ ò sì kú." Mo ní kó dìde, ó ti tó àkókò oúnjẹ.

Ìyá Alákàrà ti ra agbada tuntun. Ìkọ́kọrẹ́ ló ń sè fún wa ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ìyẹn gan-an ló fi jẹ́ pé àwa mẹ́tàlélógún la ń jáde báyìí. Bí o bá ń bọ̀ lọ́dún yìí, bọ́ọ̀tù rọ́bà ni kí o bá mi mú wá, nọ́ḿbà mẹ́rìnlélógójì. Ìgò ti gún tibí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni tìrẹ,
ẹni tí ẹ jọ fi ewé kókò bora.