Sí ẹ̀yin oníbàárà wa: ìdí tí dráífù wa fi gbówó lórí

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú sùúrù. A mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ nínú yín kò dùn sí wa láti ìgbà tí iye owó tuntun ti jáde. Àwọn kan ní a ti di ẹni ńlá, pé a kò rántí àwọn tó bá wa rajà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rò fún yín kí ẹ tó dá wa lẹ́bi.

Dráífù ni àpótí tó ń darí eré mọ́tò oníná, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí fáànù tàbí pọ́ǹpù, kì í ṣe ọkọ̀. Ohun tó yí padà ni pé èyí tí a ó máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ, MOSFET tí wọ́n fi silicon carbide, àdàpọ̀ sílíkọ́nì àti kábọ́nù, ṣe ni yóò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe IGBT onísílíkọ́nì tí ẹ ti mọ̀ mọ́ wa. Chip ni àwọn méjèèjì, ohun kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á. Owó rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ ó sì dúró pẹ́ sí i kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èyí tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀, a ó máa bá yín tún un ṣe bí a ti ń ṣe é bọ̀. Tuntun irú rẹ̀ ni a kò ní ṣe mọ́.

A ti gbọ́ ọ pé àpótí kan náà ni, pé orúkọ la pààrọ̀ ká lè rí owó gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ dráífù ni kó gba iná tó ń wọlé, kó sọ ọ́ di DC, iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kó wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún mọ́tò, kí mọ́tò lè sáré bí a bá ṣe fẹ́ kó sáré. Títan àti pípa ni gígé yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ìgbà tí chip tàn tàbí tó pa tí iná díẹ̀ kì í ṣòfò, ooru ni iná náà sì ń dà. Ti IGBT tún wá le, nítorí bí a bá ní kó pa, kì í pa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí a ti yí pa tó ṣì ń kán ló ṣe ń ṣe: iná tó kù nínú rẹ̀ á ṣì máa ṣàn nígbà tí fóltì ti gòkè lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá. Yàtọ̀ síyẹn, bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ti wù kó kéré tó, ó máa kọ́kọ́ mú nǹkan bíi fóltì kan tirẹ̀ ná. Mọ́tò tó ń ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ni ìyẹn ń dùn jù, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ yín.

Silicon carbide lè dúró lábẹ́ agbára iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí sílíkọ́nì lè gbà kó tó bẹ́. Nítorí náà, ìpele tó ń dá fóltì dúró nínú rẹ̀ lè tín-ín-rín tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti sílíkọ́nì, ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá sì kúrú gan-an. Bí a bá ní kó pa, ó pa. Bí iná tó ń gbà á kọjá bá sì dín kù sí ìdajì, ooru tí ìyẹn ń fà á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ fi ojú ìṣirò wò ó: dráífù tó ń gba 10 kílówáàtì, tí ìdá 97 nínú 100 rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, 300 wáàtì ló ń sọ di ooru lásán. Bí èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mọ́tò bá di 98.5, 150 wáàtì péré ló ń ṣòfò. Irin tí ń fa ooru á kéré sí i, fáànù inú àpótí kò ní máa sáré tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kápásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná sínú fún ìgbà díẹ̀, tí ooru ń tètè pa, á sì pẹ́ láyé. Lọ́dún 2011, àjọ International Energy Agency gbé e jáde pé mọ́tò ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 gbogbo iná tí aráyé ń lò. Ohun tó ń jẹ iná tó báyẹn, bí a bá dín òfò rẹ̀ kù díẹ̀, ohun ńlá la ṣe.

Ó dáa, kí ló wá sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró dáadáa, nítorí ibẹ̀ ló ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Sílíkọ́nì ń yọ́. Bó bá ti gbóná dé 1414 lórí ìwọ̀n Celsius, á di olómi, wọ́n á ti kírísítálì kékeré bọ inú rẹ̀, wọ́n á máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ọ̀pá tó ga ju ènìyàn lọ ti jáde. Silicon carbide kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbóná tán, èéfín ló ń dà láìkọ́kọ́ di olómi. Nítorí náà, ńṣe ni wọ́n ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n fi graphite ṣe, wọ́n á dé e pa, wọ́n á mú un gbóná kọjá 2000, èéfín náà á máa lọ lẹ̀ mọ́ kírísítálì kékeré tó wà lókè ìkòkò. Kì í sábà ga tó mìlímítà kan láàárín wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lè kọjá kí wọ́n tó rí ohun tó nípọn sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, ojú lásán kò sì lè wo inú ìkòkò náà bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni wọ́n tó mọ̀ bóyá ó dára tàbí ó ti bàjẹ́.

Kò sì tán síbẹ̀. Ó le débi pé díámọ́ńdì ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ sí pẹlẹbẹ, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń di eruku lẹ́nu wáyà tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Nígbà tí pẹlẹbẹ sílíkọ́nì ti fẹ̀ dé 300 mìlímítà, ti silicon carbide ṣì wà ní 150, àwọn tó sì ti dé 200 kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Lójú pẹlẹbẹ kan, gbogbo ibi tí kírísítálì bá ti ní àbùkù, chip ibẹ̀ ti di àdànù, owó àdànù náà sì wà lórí èyí tó dára. Àwa kọ́ la ń ṣe èyíkéyìí nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa pé pérépéré.

Ní ti ẹni tó ń tà á fún wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A jọ ṣàdéhùn, a san owó àsansílẹ̀, wọ́n fún wa ní ọjọ́. Ọjọ́ pé, wọ́n sún un síwájú. Ó tún pé, wọ́n tún sún un. Lẹ́yìn náà ni ìwé dé pé iye tí a jọ fẹnu kò sí kò dúró mọ́, pé bí a kò bá sì ra iye kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò ní tà fún wa. Láti 2017 tí Tesla ti fi silicon carbide sínú Model 3 ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ oníná ti ń lé e. Àwọn ń ra ti ọdún púpọ̀ sílẹ̀. Irú wa tó ń ra díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ìlà là ń dúró sí. Ta la fẹ́ bá jà? Ọ̀pọ̀ lára àwọn dráífù tí ẹ ń bínú lé lórí, wọ́n ti pé ní gbogbo ara, wọ́n wà lórí tábìlì wa báyìí: àpótí wọn, bọ́ọ̀dù wọn, kápásítọ̀ wọn. Ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí chip ń jókòó sí ló ṣófo, méjì méjì fún okùn iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń lọ sí mọ́tò. À ń rí wọn lójoojúmọ́. Ẹ má rò pé oorun ń kùn wá.

Àwọn kan ní kí a kàn yọ IGBT inú ti àtijọ́ wọn, kí a fi chip tuntun rọ́pò, kí owó lè fúyẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ó yá wa lára ju yín lọ. Fóltì tí a fi ń tan IGBT, nǹkan bíi 15 ni. Ọ̀pọ̀ silicon carbide ń fẹ́ 18, àti fóltì díẹ̀ sódì láti pa á. Èyí tó tún le jù ni pé bí iná bá pàdé ara wọn lójijì, IGBT lè fara dà á fún nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá (ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá) kó tó jó. Silicon carbide kì í lè tó bẹ́ẹ̀. Méjì tàbí mẹ́ta ti pọ̀ fún un. Bí ohun tó ń ṣọ́ ọ kò bá tètè rí i kó pa á láàárín àkókò yẹn, chip olówó ńlá ti lọ nìyẹn. Ó sì ń yára pa débi pé bàbà tó fi díẹ̀ gùn jù lórí bọ́ọ̀dù lè bí fóltì tí yóò bẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ya bọ́ọ̀dù tuntun látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe é, a kò ra ti ẹlòmíràn wá lẹ orúkọ wa mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Ẹnì kan béèrè pé ṣé gallium nitride, ohun mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe chip, kò ní dín owó kù. Ó dára fún mọ́tò kékeré, fóltì tí èyí tó pọ̀ lọ́jà nínú rẹ̀ ń gbà kò sì ju 650 lọ. Iná 400 fóltì tí ọ̀pọ̀ yín ń lò, bí a bá sọ ọ́ di DC, ó ń lọ sí nǹkan bí 560. Ààyè tó kù kò tó. Chip 1200 fóltì la nílò.

A kì í fi irọ́ tajà, nítorí náà ẹ gbọ́ èyí náà. Ẹni tí fáànù tàbí pọ́ǹpù rẹ̀ ń sáré tipátipá lójoojúmọ́ láìní dráífù kankan, dráífù èyíkéyìí ló nílò kíákíá, kì í ṣe silicon carbide dandan. Bí fáànù bá dín eré kù sí ìdá 80 nínú 100, agbára tó ń fẹ́ á já sí nǹkan bí ìdá 51. Èrè ìyẹn tóbi ju èyí tí a ó rí nínú kíkúrò lórí IGBT lọ fíìfíì. Bí mọ́tò yín kì í bá sì í ju wákàtí kan tàbí méjì ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ó máa pẹ́ kí owó tí ẹ fi lé e tó padà. Àwọn tí tiwọn ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru la ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Ní ti ohun tí à ń ṣe sí i: a ti rí ẹlòmíràn tí a ó tún máa rà lọ́wọ́ rẹ̀, à ń dán ọjà rẹ̀ wò. Ẹni tí wáyà rẹ̀ gùn láàárín dráífù àti mọ́tò, kó sọ fún wa kó tó rà, nítorí bí chip ti ń yára pa, fóltì lè padà lu ẹnu mọ́tò ní ìlọ́po méjì, ó sì lè ba wáyà inú rẹ̀ àti bẹ́árìn jẹ́. Fílítà tó ń dá ìyẹn dúró, a ó fi kún un, a kò ní gba owó rẹ̀.

Ẹni tó ti sanwó kí iye tuntun tó jáde, iye àtijọ́ ló san, iye àtijọ́ náà la ó fi ṣe tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdánù wa ni. Ẹni tí kò bá lè dúró mọ́, kó kọ̀wé sí wa, a ó dá owó rẹ̀ padà láìbá a jiyàn, a kò sì ní yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn tó bá dúró, bí chip bá ṣe ń dé la ó máa pín in, ẹni tó kọ́kọ́ sanwó ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ẹ má fi owó kún owó láti fò kọjá ẹlòmíràn. Àwọn kan ti fi lọ̀ wá, a kò gbà á.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín,
ẹni tó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀