Góòlù Kan Wọlé Tán, Eré Super Eagles Rọlẹ̀

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Super Eagles ni mo bá wá, nítorí ó ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti na ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ìgboro: àwọn ọmọ náà kò sáré tó, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè kò sí lọ́kàn wọn, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọṣẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń sáré, kódà wọ́n ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí eré wa lẹ́yìn tí a bá ti gbá góòlù wọlé. Kó tó wọlé, bọ́ọ̀lù ń já geere láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, àwọn ẹ̀yìn wa, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ilé, ń sún sókè, alátakò kò rí ibi mí. Bó bá ti wọlé báyìí, a ó sún sẹ́yìn, a ó máa gbá bọ́ọ̀lù jù sókè, gbogbo wa a wá máa retí fèrè rẹfirí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Lóṣù Keje ọdún 1994, nínú Ife Àgbáyé tí wọ́n gbá ní Amẹ́ríkà, Emmanuel Amunike ti fi wá síwájú Ítálì láti ìdajì àkọ́kọ́. Ítálì fi Gianfranco Zola pààrọ̀ ẹlòmíì ní ìdajì kejì, kò sì pẹ́ rárá tí rẹfirí fi káàdì pupa lé e jáde. Àwa la wà níwájú, àwa la pọ̀ jù lórí pápá. Ẹgbẹ́ kan náà tó na Bulgaria 3-0, tó na Gíríìsì 2-0 nínú ìdíje yẹn, kò wá góòlù kejì mọ́. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí àádọ́rùn-ún pé ni Roberto Baggio dá a padà, òun náà ló sì gbá pẹnárítì wọlé nígbà tí wọ́n fi àkókò kún eré. Wọ́n na wá 2-1, a sì padà sílé.

Ẹ wá wo Abidjan, lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2024, àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Láti ìgbà yẹn lọ, Ivory Coast ló ń gbá bọ́ọ̀lù, àwa ń lé e kiri. Simon Adingra ń ṣe bó ṣe wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Òun ló gbá kọ́nà tí Franck Kessié fi orí kàn wọlé, òun náà ló fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ tí Sébastien Haller fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ sínú àwọ̀n nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí.

Àwọn kan á ní ẹ̀yìn tó le ló gbé wa dé àṣekágbá yẹn. Òótọ́ ni, mi ò sì ní sọ pé José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà yẹn, kò ṣiṣẹ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin la gbá tẹ̀léra láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àwọ̀n wa: Ivory Coast fúnra wọn, Guinea-Bissau, Kamẹrúùnù àti Àǹgólà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ṣe dáàbò bo ilé wa nínú àwọn eré yẹn. Góòlù àkọ́kọ́ tí Ademola Lookman gbá wọlé Kamẹrúùnù, Victor Osimhen ló já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn wọn, tó wá gbé e fún un. Láti iwájú ni ìdáàbòbò wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ivory Coast lẹ́ẹ̀kejì, iwájú wa ti jìnnà sí àárín, àárín ti wọ inú ẹ̀yìn, Osimhen nìkan ló kù lókè tó ń bá èèyàn méjì jà. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀yìn tó le tí wọ́n ń sọ.

Ti Zimbabwe ló tún wá ká mi lára jù. Uyo ni, nílé wa, lóṣù Kẹta ọdún 2025, nínú eré tí a fi ń wá ọ̀nà dé Ife Àgbáyé. Osimhen gbá a wọlé nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó kù fún wa ò ju ká di bọ́ọ̀lù mú, ká máa gbé e láàárín ara wa, kí Zimbabwe máa sáré tẹ̀lé wa títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Bọ́ọ̀lù gígùn là ń gbá, wọ́n ń gbà á, wọ́n ń gbé e padà wá bá wa. Ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ni wọ́n dá góòlù náà padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìpele wa parí lóṣù Kẹwàá, South Africa ní pọ́ìǹtì 18, àwa ní 17. Ká ní a borí Zimbabwe lọ́jọ́ yẹn, 19 là bá ní, à bá sì ti gba ọ̀nà tààrà lọ sí Ife Àgbáyé ọdún 2026. Mo mọ̀ pé a ti fi pọ́ìǹtì ṣòfò ṣáájú, lọ́wọ́ Lesotho àti Benin, kí Éric Chelle, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, tó dé. Síbẹ̀, èyí wà lọ́wọ́ wa tán, àwa la jẹ́ kó bọ́.

Nígbà tí ọ̀nà tààrà ti bọ́ lọ́wọ́ wa, a lọ gbá eré àṣekún tí wọ́n fi ń wá ọ̀nà dé Ife Àgbáyé ní Rabat, ní Mòrókò, lóṣù Kọkànlá. Akor Adams fi wá síwájú Gabon, a sún sẹ́yìn, Mario Lemina dá a padà nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, tí kò sí nǹkan kan láti ṣọ́ mọ́, kí ni àwọn ọmọ kan náà ṣe? Wọ́n gbá mẹ́ta wọlé! Chidera Ejuke gbá ọ̀kan, Osimhen gbá méjì, 4-1. Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Agbára wà nínú ẹsẹ̀ wọn láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹ̀rù pé kí góòlù kan má bọ́ lọ́wọ́ wa ló dì wọ́n mú. Ọjọ́ mélòó kan sí i, Frank Onyeka gbá ti DR Congo wọlé kí eré tó gbóná rárá. A ò gbé e dé ìsinmi. Wọ́n dá a padà, Osimhen fara pa, kò sì padà wọlé fún ìdajì kejì, a bá ara wa nídìí pẹnárítì, wọ́n sì lé wa kúrò nínú Ife Àgbáyé.

Ẹni tó bá mọ ìtàn wa á rí i pé ìgbà tí a bá wà lẹ́yìn la máa ń gbá eré wa gan-an. Ní Olympics ọdún 1996, Brazil ti gbá mẹ́ta sí ọ̀kan kí ìdajì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Victor Ikpeba gbá ọ̀kan, Kanu Nwankwo dá a padà níṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ó tún gbá èyí tó parí rẹ̀ wọlé, 4-3. Lẹ́yìn ìyẹn la na Argentina 3-2 gba góòlù, mo ń sọ ti àmì ẹ̀yẹ wúrà báyìí. Nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 1994 ní Tùnísíà, Zambia ló kọ́kọ́ rí àwọ̀n kí Amunike tó gbá méjì. Tí alátakò bá ti ṣáájú wa, kò sẹ́ni tó ń sọ fún wa pé ká rọra. Ìbéèrè mi nìyẹn: kí ló dé tí a fi ní láti wà nínú ewu ká tó gbá bọ́ọ̀lù bí a ṣe mọ̀ ọ́n gbá?

Ìyára tí mo ń sọ kì í ṣe ti ẹsẹ̀, ti bọ́ọ̀lù ni. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti wo ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti yí ara sí iwájú kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló máa fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé ó gbà á, ó fi í sílẹ̀. Èyí tó kọ ẹ̀yìn sí iwájú á gbà á, á dúró, á wò yíká, á wá dá a padà fún ẹni tó gbé e fún un. Bọ́ọ̀lù ò kúrò lójú kan, àwọn alátakò ti tò. Alex Iwobi ni ìyáàlù ẹgbẹ́ yìí: nígbà tó bá ń gba bọ́ọ̀lù ní àárín gbùngbùn, tó ń fi ránṣẹ́ sí Lookman láàárín àwọn alátakò, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń tẹ̀lé e. Nígbà tí a bá sì ti sún sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀yìn ni Iwobi máa ń bá ara rẹ̀, á máa gba bọ́ọ̀lù kúrò lójú ilé. Iṣẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún un.

Ọ̀nà tí Chelle ń gbà tò wọ́n tún jẹ́ kí èyí léwu sí i. Ẹni mẹ́rin ló ń tò sí àárín: Wilfred Ndidi lẹ́yìn, Lookman lókè, Iwobi àti Onyeka lápá ọ̀tún àti òsì. Wọ́n sún mọ́ra, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù ń yára láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn ẹ̀yìn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ló gbọ́dọ̀ máa gòkè wá ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá dúró sílé nítorí pé a ti ṣáájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣófo, alátakò á sì máa gba ibẹ̀ kó bọ́ọ̀lù wọ ojú ilé wa bí ẹni ń kó ẹrù.

Nínú Ife Ẹ̀yẹ tó wáyé ní Mòrókò, a rí ojú méjèèjì. A ti fi 3-0 ṣáájú Tùnísíà, a rọwọ́ sílẹ̀, 3-2 ló parí sí, a sì ń gbọ̀n títí fèrè fi dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pàdé Mozambique, góòlù àkọ́kọ́ kò dá àwọn ọmọ wa dúró, wọ́n gbá mẹ́rin. Ti Algeria náà rí bẹ́ẹ̀: 1-0 kò tó wọn, wọ́n wá èkejì, wọ́n sì rí i. Mo gbádùn ọjọ́ yẹn gan-an ni. Mòrókò ló dá wa dúró pẹ̀lú pẹnárítì lẹ́yìn 0-0, ipò kẹta la sì gbà. Mi ò bínú sí ipò kẹta tí a bá gbá bí a ṣe gbá pẹ̀lú Algeria.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí máa ń sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè kò ráyè, pé ọjọ́ díẹ̀ ló fi ń kó wọn jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti pé ooru kì í jẹ́ kéèyàn sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Mo gba ti àìráyè. Ti ooru gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀: ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù ni ooru ń pa, kì í ṣe ẹni tó dì í mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra, kí wọ́n sinmi, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wa nígbà ìsinmi náà.

Ife Ẹ̀yẹ ọdún 2027 ń bọ̀ ní Kẹ́ńyà, Tanzania àti Uganda, àwọn eré tí yóò gbé wa débẹ̀ sì wà níwájú. Ẹ bá mi sọ fún Chelle àti àwọn aláṣẹ NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Tí a bá wà níwájú 1-0 níṣẹ́jú àádọ́rin, kí wọ́n má fi ẹ̀yìn míì kún ẹ̀yìn. Kí wọ́n mú ẹni tó lè di bọ́ọ̀lù mú wọlé, bíi Samuel Chukwueze, tí alátakò ò ní lè fi sílẹ̀ láìṣọ́. Kí àwọn ẹ̀yìn dúró sí ibi tí wọ́n dúró sí kí góòlù tó wọlé. Kí wọ́n sì fi eré ìdánrawò kọ́ ọ: kí wọ́n pín ẹgbẹ́ sí méjì, kí apá kan ti ní góòlù kan lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ní kí apá yẹn lọ wá èkejì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olólùfẹ́ Super Eagles