Ẹ yé fi Róòmù sá eré ìje

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ tó bá gba Róòmù kọjá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń wọ̀ sí. Kí wọ́n tó mu omi tán, wọ́n á ti na fóònù sí mi, orúkọ ibi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rí kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó di inú bọ́ọ̀sì! Ó ti sú mi. Mo fẹ́ bẹ àwọn tó ń kọ nípa ìrìnàjò nínú ìwé ìròyìn yín kí wọ́n yé to orúkọ ibi jọ fún wa bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀.

Ní àárín ìlú àtijọ́ Róòmù, orí ohun àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ohun àtijọ́ mìíràn lé. Ẹ wo Pantheon, ilé ńlá àtijọ́ kan níbẹ̀. Orúkọ Agrippa, ọ̀gágun Róòmù kan láyé àtijọ́, ni wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé tí Agrippa kọ́ ti jóná tipẹ́. Ayé Késárì Hadrian ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ parí, ní nǹkan bí ọdún 126 lẹ́yìn ìbí Kristi, Hadrian sì fi orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. (Ẹ bá mi wá olóṣèlú kan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.) Ilé òrìṣà ni tẹ́lẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì ní 609, ìyẹn sì wà lára ohun tó kó o yọ lọ́wọ́ àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ láti kó òkúta rẹ̀ lọ.

Ihò ràbàtà kan wà ní àárín òrùlé rẹ̀ tó rí roboto, fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 8 lọ, kò ní gíláàsì, kò ní ìdérí. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ló ń rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ dáadáa: mábù náà ga díẹ̀ láàárín, ó rọra dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí i tí omi ń gbà lọ. Ọjọ́ kan tí òjò ká èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ́ ibẹ̀, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ta ló wá ń nu ilẹ̀ yìí?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lọ. Tó bá jẹ́ oòrùn ló ràn, ìmọ́lẹ̀ roboto kan á máa rìn lára ògiri. Ẹni tó ń sáré kò lè rí i pé ó ń rìn.

Agrippa yìí kan náà ló fa omi Aqua Virgo wọ ìlú ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Kristi, omi ọ̀hún ló sì ń tú sí Fontana di Trevi, ìsun omi olókìkí tí wọ́n fi ère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, títí dòní. Èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù, àfi kéèyàn jí lọ.

Láti Pantheon, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Piazza Navona. Ẹ ó rí i pé gbàgede náà gùn tẹẹrẹ, ìpẹ̀kun rẹ̀ kan sì tẹ̀ kọrọdọ. Pápá eré ìdárayá Késárì Domitian ló wà níbẹ̀ rí. Orí ibi tí òǹwòran ń jókòó sí ni wọ́n kọ́ àwọn ilé yẹn lé. Láàárín gbàgede, ìsun omi kan wà tí Bernini, oníṣẹ́ ọnà, ya bátànì rẹ̀, tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì gbẹ́ odò mẹ́rin sí bí ènìyàn. Èyí tó dúró fún odò Náìlì fi aṣọ borí, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù kò tíì mọ orísun rẹ̀ nígbà náà.

Bí àkókò bá ṣì wà, ibì kan ṣoṣo ni mo máa ń fi kún un: ṣọ́ọ̀ṣì San Clemente, tí kò jìnnà sí Colosseum, pápá ìwòran ńlá ayé àtijọ́. Èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, nǹkan bí 900 ọdún ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó bá pẹpẹ òrìṣà Mithras, ẹ ó sì máa gbọ́ omi tó ń ṣàn.

Ẹ bá mi fi kún un fún àwọn òǹkàwé yín pé kí wọ́n wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, bó ti wù kí ooru mú tó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti dá àbúrò mi padà.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Róòmù.