Ẹ Yí Káàdì Ṣọ́jà Sẹ́yìn Kí Ẹ Tó Lé Oníbàárà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Houston, tó ń bínú pé ilé ìtajà kan kọ̀ láti ta bíà fún ọmọ òun tó jẹ́ ṣọ́jà, wọ́n ní káàdì ológun tó mú wá kì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí. Bàbá náà ní àwọ̀ ara ọmọ òun ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà la wà, n kò ní bá a jiyàn lórí ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti ẹni tó ń dúró lẹ́yìn kántà, nítorí èmi náà ti lé ọmọ ṣọ́jà kan bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ Yorùbá bíi tèmi sì ni.

Killeen ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè ńlá Fort Hood. (Wọ́n sọ ọ́ di Fort Cavazos lọ́dún 2023, wọ́n tún dá Fort Hood padà lọ́dún 2025. Ẹnu wa ò tíì mọ́ tuntun tí wọ́n fi dá ti àtijọ́ padà.) Ilé epo kan ni mo ti ń ta ọjà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bíà àti wáìnì ló ń mówó wọlé jù fún wa, àwọn ṣọ́jà ló sì ń rà á jù.

N kò tíì pé oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé páálí bíà kan síwájú mi. Mo ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn mí, ó sì mú káàdì ológun jáde. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ka láísẹ́ǹsì, ẹ̀rọ ké pé òun ò mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú káàdì náà fúnra mi. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé. Ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí káàdì náà máa kú. Ọjọ́ ìbí ni n kò rí. Mo bá sọ fún un pé n kò lè tà á. Ó ní kí n jọ̀ọ́ yí i sẹ́yìn, pé ẹ̀yìn ló wà. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ti ń pòṣé. N kò yí i. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí màá fi já a nírọ́? Gẹ̀ẹ́sì la ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tó mú káàdì rẹ̀ tó fẹ́ jáde, ló bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Kò fi ṣe ẹ̀gàn o. Ìkíni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣọ́jà lòun náà, wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó yọ káàdì tirẹ̀ lápò, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka tọ́ ibì kan. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn, kedere.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òfin Texas ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Abala 106.03 nínú òfin ọtí ìpínlẹ̀ yìí sọ irú ìwé tó lè gba ẹni tó ta ọtí sílẹ̀ bí ọmọdé bá fi ẹ̀tàn rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dárúkọ láísẹ́ǹsì ọkọ̀ tàbí káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fúnni, ó dárúkọ ìwé ìrìnnà, ó sì dárúkọ káàdì ológun. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní tààrà. Bí káàdì náà bá dà bí ojúlówó, tí fọ́tò rẹ̀ bá ojú ẹni tó mú un wá mu, tí ọjọ́ ìbí sì fi hàn pé ẹni náà ti pé ọdún 21, òfin wà lẹ́yìn ẹni tó tà á.

Kí ló dé tí a wá ń bẹ̀rù? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún bàbá Houston. Ẹni tó ta ọtí fún ọmọ tí kò tó ọdún 21 lè san owó ìtanràn tó tó 4,000 dọ́là, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún kan. Ẹni tó wà nídìí kántà gan-an ni wọ́n máa mú, ìyẹn èmi tí wọ́n ń san owó iṣẹ́ fún ní wákàtí wákàtí. TABC, àjọ tó ń bójú tó ọtí ní Texas, a sì máa rán àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí wá rajà láti fi dán wa wò. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá ké, ọkàn ẹni á ti fò lọ sí kóòtù. Bẹ́ẹ̀, àmì tó wà lára láísẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti kà. Àmì ti káàdì ológun yàtọ̀. Pé ẹ̀rọ ò mọ káàdì kan kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ṣọ́jà tó ti Georgia tàbí Ohio wá sí Texas lè máa lo láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì gbà kí láísẹ́ǹsì ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ṣì dára lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mú láísẹ́ǹsì wá, a ó ní ó ti kú. Bó bá mú káàdì ológun wá, a ó ní ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Kí ló kù tó fẹ́ mú wá, ìyá rẹ̀?

Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ju bí àwọn ará ilé ṣe rò lọ. Nígbà tí ètò MAVNI, èyí tó ń gba àwọn àjèjì sí iṣẹ́ ológun, wà, láti 2009 títí wọ́n fi dá a dúró ní 2016, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń wá ẹni tó gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ìwé ọmọ ìlú san án fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

N kò ní kí a máa ta ọtí fún gbogbo ẹni tó bá gbé káàdì ológun wá o. Ibí ni èmi àti bàbá Houston ti yà, nítorí ó kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé ẹni tó lè kú fún ìlú, kí wọ́n fún un ní bíà. Ọmọ ọdún 17 lè wọṣẹ́ ṣọ́jà ní Amẹ́ríkà bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, ọmọ ọdún 18 kò nílò ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọdé yìí náà ní káàdì lápò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò gbé ìbọn rí, tí wọ́n ń bá iléeṣẹ́ ológun ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì, ń gba irú káàdì kan náà. Ọjọ́ ìbí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló kan èmi.

Ọ̀rọ̀ "ẹni tó lè kú fún ìlú" yẹn kì í ṣe tuntun níbí. Ogun Vietnam ló mú kí wọ́n sọ ọjọ́ orí ìdìbò di 18 lọ́dún 1971. Texas tẹ̀ lé e, ó sọ ti ọtí náà di 18 lọ́dún 1973. Ìjàǹbá ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wá di ohun tí gbogbo ìlú ń pariwo lé lórí. Texas gbé e sí 19 lọ́dún 1981. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí lọ́dún 1984 ní ìpínlẹ̀ tí kò bá dé 21 máa pàdánù lára owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún un láti fi ṣe ọ̀nà, títí dé ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọdún 1986 ni Texas gbà. Owó ọ̀nà ló ṣẹ́gun, kí á má tan ara wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn òfin náà, kó kọ̀wé sí aṣòfin rẹ̀, kó má wá bá mi jà nídìí kántà.

Ohun tí a ṣe ní ilé epo wa kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ọ̀gá gbà kí a máa fọwọ́ tẹ ọjọ́ ìbí sínú ẹ̀rọ bó bá kọ̀ láti ka káàdì. Mo kọ gbólóhùn kan sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ: "Káàdì ológun: yí i sẹ́yìn." Ọmọ Mẹ́síkò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́ bi mí pé ta ló kọ ọ́, mo ní ẹlẹ́ṣẹ̀ kan ni.

Bàbá Houston, ẹ sọ fún ọmọ yín pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n pe máníjà wá, kó sì ní kí wọ́n fọwọ́ tẹ ọjọ́ ìbí náà. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ṣe ẹ̀dà káàdì náà tàbí kí àwọn yà á ní fọ́tò, kó má gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò fàyè gba kí èèyàn máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgbàṣẹ, wàhálà náà sì lè kan ọmọ yín lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nínú bárékè. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bí kì í bá ti í ṣe nítorí àwọ̀ ara, kò sí òfin tó ní dandan ni kí ilé ìtajà ta ọtí fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tèmi kò padà wá mọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé e lọ sí bárékè mìíràn. Àmọ́ títí di òní, bí káàdì ológun bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, orúkọ ni mo ń kọ́kọ́ wò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Killeen, Texas