Ìyẹ̀fun tí a lú pọ̀ kò tíì di èyí tí a pò

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àlàyé bí a ṣe ń ṣe bùrẹ́dì nílé tí ẹ gbé jáde. Ó dáa, àfi ibi kan: ẹ ní kí á "po ìyẹ̀fun", ìlà tó tẹ̀lé e ti dé ìdí ààrò. (Níbì kan, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi àmì sí ìsàlẹ̀ "o", ó wá di ìyẹ̀fun tó pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi ìyẹn jì yín.)

Ọ̀rọ̀ "pò" yìí ti gbé mi ṣubú rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n po ìyẹ̀fun. Mo bu omi sí i, mo lú u pọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi rin, mo bá fọ ọwọ́ mi. Bùrẹ́dì tó jáde lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá sọ ọ́ lu ògiri, ògiri ni kí ẹ káàánú.

Ohun méjì ni "pò" ń jẹ́ lẹ́nu wa: kí á fi omi lú nǹkan pọ̀, àti kí á tẹ̀ ẹ́, kí á rún un, kí ó lè gbọ́ ti ọwọ́. Amọ̀kòkò tó ń po amọ̀ kì í ṣíwọ́ nítorí pé amọ̀ ti rin. Irú pípò tiẹ̀ ni bùrẹ́dì ń fẹ́. Nínú ìyẹ̀fun àlìkámà, omi ló ń jẹ́ kí ohun tí wọ́n ń pè ní gluten so pọ̀. Títì í síwájú, kíká a padà àti yíyí i ló ń sọ ọ́ di bíi rọ́bà, tí yóò lè gba atẹ́gùn tí íìsì, ìwúkàrà tó ń mú bùrẹ́dì wú, ń tú jáde dúró.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya ọ̀rọ̀ tiwọn sọ́tọ̀: "knead". Àwọn baba ńlá wọn ń pè é ní "cnedan", wọ́n sì ń pe "k" rẹ̀ síta, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pe "kneten" títí dòní. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "lady". "Hlǣfdīge" ni láyé àtijọ́, ìyẹn obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun bùrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀, "hlāfweard", olùṣọ́ bùrẹ́dì, ló di "lord". Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ ló wá di ìyáàfin ńlá tí kì í wọ ilé ìdáná mọ́!

Bí ẹ bá tún máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ pò ó bí ìṣẹ́jú 10, títí yóò fi máa fà." Kí wọ́n bu díẹ̀, kí wọ́n fi ìka nà án, bí ó bá fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ hàn lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sì ya, ó ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè tẹ àtúnṣe yìí, nítorí àwọn tó ti gé ojú ewé yẹn pamọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníbùrẹ́dì kan